Àpò Ọkà Kan: Ọ̀nà Tí Ìrànwọ́ Oúnjẹ Ń Gbà Dé Ọwọ́ Ẹni Tí Ebi Ń Pa

Ẹni tí kò ní oúnjẹ mìíràn nílò nǹkan bíi kálórì 2,100 lójúmọ́. Tí àwọn àjọ ìrànwọ́ bá máa wọ̀n ọ́n, ó sábà máa ń jẹ́ gíráàmù 400 ọkà, 60 ẹ̀wà, 25 òróró, 50 ìyẹ̀fun àgbàdo àti sóyà, pẹ̀lú ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ọkà ẹnì kan ti di kílò 12. Ti ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àpò kílò 50. Níbo ni wọ́n ti ra àpò náà? Ìbéèrè yìí ló ń sọ ẹni tí ìrànwọ́ ń kọ́kọ́ bọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ilé ni wọ́n ti ń rà á látilẹ̀. Ní July 1954, Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin ìrànwọ́ oúnjẹ sí òkè òkun tí wọ́n ń pè ní Public Law 480, lásìkò tí ọkà pọ̀ lọ́hùn-ún débi pé kò rẹ́ni rà á tán. Òfin mìíràn lọ́dún náà ní ó kéré tán ìdajì ẹrù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ tó ń ta àsíá Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ wọ̀nyí kò pọ̀, owó wọn sì wọ́n.

Ọkọ̀ òkun, èbúté, kọ́sítọ́ọ̀mù, sítọ́ọ̀, tírélà: ọjọ́ ń lọ. Lọ́dún 2009, GAO, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba Amẹ́ríkà wò, rí i pé ẹrù tó ti òkè òkun wá sí orílẹ̀-èdè mẹ́wàá nílẹ̀ Áfíríkà ń gba ọjọ́ 147. Èyí tí wọ́n rà lábẹ́lé níbẹ̀ ń gba 35, owó rẹ̀ sì fi ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún dín.

Ọjọ́ 147 sún mọ́ oṣù márùn-ún. Bí ebi bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àká ṣófo, ìkórè tuntun lè bá ẹrù náà wọlé pọ̀. Àgbẹ̀ tó gbé ọkà bàbà rẹ̀ dé ọjà a wá bá ti ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Iye owó já wálẹ̀, kò sì ní rówó ra irúgbìn ọdún tó ń bọ̀.

Àṣà kan tún wà tó burú ju èyí lọ: ìjọba Amẹ́ríkà á fún àjọ ìrànwọ́ ní ọkà dípò owó, àjọ náà á tà á lọ́jà kó tó rí owó ṣe ètò ìlera tàbí ẹ̀kọ́. Ẹ wo ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ! GAO ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2011 pé láàárín ọdún mẹ́ta péré, mílíọ̀nù 219 dọ́là ni owó ọjà fi dín sí ohun tí ìjọba ná. Àjọ ìrànwọ́ CARE ti kéde lọ́dún 2007 pé òun máa jáwọ́ nínú àṣà yìí.

Rírà lábẹ́lé kò ṣàì ní wàhálà tirẹ̀. Àgbàdo tí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ a máa bu, olú wẹ́wẹ́ tó ń mú un bu yìí ló sì ń mú májèlé àfúlátọ́síìnì wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọ̀pá irin oníhò gún àpò káàkiri, kí wọ́n má baà yẹ òkè àpò nìkan wò. Bí iye owó bá ga lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ti bá àjọ ṣe àdéhùn, àwọn kan nínú wọn a yọ́ ọkà wọn tà fún alágbàtà. Tí àjọ bá sì rà jù lójú kan, òun gan-an ló ń sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n fún tálákà ibẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n rà á lẹ́yìn ìkórè, díẹ̀díẹ̀, ní ọjà púpọ̀.

Kí wọ́n fi owó lé ẹni tí ebi ń pa lọ́wọ́ dípò oúnjẹ, pàápàá lórí fóònù, ló yá jù. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi àwọn oníṣòwò léèrè: bí oníbàárà yín bá di ìlọ́po méjì, ẹ lè kó ọjà wá? Tí ogun bá ti dí ọ̀nà, owó náà ò ní ṣe ju kó lé iye ọjà sókè lọ.

Bí ọ̀dá bá sì ti run oko gbogbo agbègbè, àfi ọkọ̀ òkun náà. Torí ìyẹn ni Amẹ́ríkà ṣe máa ń kó oúnjẹ pamọ́ tẹ́lẹ̀ sí Djibouti, ní etí òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, kí ìyàn tó dé, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí ebi dé ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọkọ̀.