Bí Ìrora Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lára Àwọn Asáré Ọ̀nà Jíjìn

Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì nígbà ìdíje Lagos City Marathon, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, yóò rí ojú tó fún pọ̀, àyà tó ń mí gúlegúle àti ẹsẹ̀ tó ti ń wọ́ nílẹ̀. Kò ní yà á lẹ́nu bí wọ́n bá sọ fún un pé ìrora ni eré ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti pé àwọn tó ń sá a kàn jẹ́ ẹni tí ara wọn yi ju ti ọmọ aráyé yòókù lọ ni. Èrò yìí kò tọ̀nà tán. Àwọn asáré ọ̀nà jíjìn mọ ìrora dáadáa, àmọ́ oríṣiríṣi ni ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú eré tí wọ́n ń sá láàárín ọdún ni kò sì ní ìrora kankan nínú. Ohun tí ọdún pípẹ́ nídìí eré ń kọ́ wọn ni bí a ṣe ń mọ èyí tí a lè máa bá lọ yàtọ̀ sí èyí tó yẹ kí a dúró fún.

Inú iṣan itan àti ti ẹsẹ̀ kún fún àwọn okùn ìmọ̀lára tín-ín-rín, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ròyìn bí iṣan ṣe ń gbóná, bí ó ṣe ń fà, àti bí àwọn èròjà tí iṣẹ́ ń mú jáde ṣe ń kó jọ sínú rẹ̀. Ìròyìn yìí ń gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn gòkè lọ sí ọpọlọ, kò sì tíì di ìrora títí yóò fi dé ibẹ̀. Ọpọlọ ni yóò gbé e yẹ̀ wò pọ̀ mọ́ àwọn ohun mìíràn tó mọ̀: bí ọ̀nà tó ṣẹ́ kù ṣe gùn tó, bí oòrùn ṣe mú tó, bóyá irú ìmọ̀lára bẹ́ẹ̀ ti wáyé rí láìsí ewu, bóyá ẹ̀rù ń ba ẹni náà tàbí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni yóò tó pinnu bí nǹkan náà yóò ṣe dun ènìyàn tó. Nítorí náà ni kìlómítà kan náà, ní ìwọ̀n ìyára kan náà, fi lè jẹ́ ìyà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì rọrùn fún ẹni tó ti ń sáré láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó tún yẹ kí a ya ìnira sọ́tọ̀ kúrò lára ìrora, nítorí pé ìnira ni àwọn asáré sábà máa ń bá jà. Ìnira ni bí iṣẹ́ ṣe wúwo tó lójú ẹni tó ń ṣe é. Gunnar Borg, onímọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Sweden, ṣe òṣùwọ̀n kan fún un, láti orí 6 dé 20, tí ẹni tó wà lẹ́nu eré ìdárayá lè fi sọ bí iṣẹ́ náà ṣe le lára òun tó. Asáré lè fún ìnira rẹ̀ ní 15 kí ibì kankan má sì ro ó. Samuele Marcora, tó ti ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbà pé ìnira gan-an ló ń mú kí ènìyàn dáwọ́ dúró. Nínú ìwádìí kan tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2009, àwọn tó ti fi ìṣẹ́jú 90 ṣe iṣẹ́ àròjinlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́ tètè dáwọ́ dúró ju ìgbà tí wọ́n sinmi lọ. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn kò ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ náà kàn wúwo jù lójú wọn ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣì ń di ẹ̀bi ìrora ọjọ́ kejì ru lactic acid, èròjà kan tí iṣan ń mú jáde nígbà iṣẹ́ líle, tó máa ń wà nínú ara gẹ́gẹ́ bí lactate. Ó yẹ kí èrò yìí kásẹ̀ nílẹ̀. Lactate tó ń jáde nígbà tí eré bá le jẹ́ ohun tí iṣan àti ọkàn ń lò gẹ́gẹ́ bí epo, kì í sì í pẹ́ lọ títí nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti dúró; nǹkan bíi wákàtí kan ti tó kí ó padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ìrora tó ń dé lọ́jọ́ kejì, tó sì máa ń le jù láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, ń wá láti inú ìpalára kéékèèké tó bá iṣan, pàápàá nígbà tí a bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀, tí iṣan itan ń gùn sí i bí ó ti ń gbìyànjú láti dá ara dúró. Ẹni tó sá máratọ́ọ̀nù lánàá lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láìsí wàhálà púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, yóò di ọwọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, yóò kọ ẹ̀yìn sí ìsàlẹ̀, yóò sì máa gbé ẹsẹ̀ lé e níkọ̀ọ̀kan.

Ti kìlómítà 30 sókè nínú máratọ́ọ̀nù, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195, tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Níbẹ̀ ni ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ti sábà máa ń fẹ́ tán. Ẹsẹ̀ á wúwo, èrò inú á ṣókùnkùn, ohun kékeré á sì máa dun ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ooru Èkó, níbi tí òógùn kì í ti í tètè gbẹ lára nítorí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, ń mú kí àkókò yìí yára dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń rò pé ì bá dára bí a bá lè pa ìròyìn tó ń ti ẹsẹ̀ wá rẹ́ pátápátá, ìwádìí kan wà tó ṣe pàtàkì púpọ̀. Ní ọdún 2009, olùṣèwádìí Markus Amann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn agunkẹ̀kẹ́ kan ní abẹ́rẹ́ fentanyl, oògùn apàrora tó lágbára, sí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, kí ìròyìn láti inú iṣan ẹsẹ̀ má baà dé ọpọlọ dáadáa, wọ́n sì ní kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ kìlómítà 5 ní gbogbo agbára wọn. Wọ́n gbéra kíkankíkan ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé kò sí ohun tó ń kìlọ̀ fún wọn. Nígbà tó fi máa di ìdajì kejì, agbára wọn ti lọ sílẹ̀, àkókò tí wọ́n fi parí kò sì dára ju ti ìgbà tí wọn kò gba abẹ́rẹ́ lọ. Iṣan wọn rẹ̀ kọjá ààlà, débi pé àwọn kan kò lè dá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tàbí kí wọ́n dá rìn láìsí ìrànlọ́wọ́. Ohun tí wọ́n pàdánù ni òṣùwọ̀n tí ènìyàn fi ń pín agbára rẹ̀ sí ọ̀nà tó wà níwájú. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a ka ìmọ̀lára yìí sí ọ̀tá.

Ǹjẹ́ ara àwọn asáré yàtọ̀ bí? Ìwọ̀n tí nǹkan fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dun elére ìdárayá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ibi tó ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe lè fara dà á pẹ́ tó. Nígbà ìdíje TransEurope ti ọdún 2009, tí wọ́n sáré láti Bari ní Ítálì dé àríwá Norway, nǹkan bíi 4,500 kìlómítà, àwọn olùṣèwádìí ní kí díẹ̀ lára àwọn asáré náà ti ọwọ́ bọ inú omi yìnyín fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló fara dà á dé òpin, nígbà tí àwọn tí kì í sáré fa ọwọ́ yọ lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ènìyàn lè sọ pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Àmọ́ ìwádìí kan láti Yunifásítì Oxford Brookes ní ọdún 2017 fi hàn pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ní ipa tirẹ̀: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹgbẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ kíkankíkan pẹ̀lú ìsinmi láàárín àti ẹgbẹ́ tó ń gùn ún níwọ̀ntúnwọ̀nsì jọ lágbára sí i, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ nìkan sì ni ìfaradà wọn fún ìrora ga sí i.

Nípa ohun tí wọ́n ń fi ọkàn ṣe, William Morgan àti Michael Pollock ti ṣe ìwádìí ní ọdún 1977 láàárín àwọn asáré máratọ́ọ̀nù tó mọ eré sá jù ní Amẹ́ríkà. Wọ́n retí pé àwọn wọ̀nyí yóò máa ronú nípa nǹkan mìíràn kí wọ́n lè gbàgbé ara, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí kò yára tó wọn ti sọ pé àwọn ń ṣe. Òdìkejì ni wọ́n rí. Àwọn ògbóǹtarìgì ń fetí sí ara wọn ní gbogbo ìgbà: bí èjìká ṣe rọ̀ tó, bí mímí ṣe ń lọ, bí ẹsẹ̀ ṣe ń kanlẹ̀. Eliud Kipchoge ti Kẹ́ńyà, tó sá máratọ́ọ̀nù ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 ní Vienna ní ọdún 2019, a máa mọ̀ọ́mọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí eré bá le kí ara rẹ̀ lè rọ̀.

Ìrora mìíràn wà tí ìfaradà kò dára fún rárá. Ìrora iṣẹ́ máa ń tàn ká, ó máa ń wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì máa ń dín kù bí a bá dẹ eré. Èyí tó léwu sábà máa ń wà lójú kan. Ènìyàn lè fi ìka kan ṣoṣo tẹ ibẹ̀ lójúgun kí ó ta á, ó ń le sí i bí eré ti ń lọ, ó ń yí ìgbésẹ̀ padà, ó sì lè máa ro ènìyàn lórí ibùsùn. Irú èyí lè jẹ́ àmì pé egungun ti fẹ́ máa sán. Fífi ibuprofen bò ó mọ́lẹ̀ kí eré lè máa lọ ń fi ewu kún ewu, nítorí pé nínú eré gígùn, tí omi ti ń gbẹ lára, oògùn náà lè pa kíndìnrín lára.

Ìrántí náà tún ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n bi àwọn asáré 62 tó kópa nínú máratọ́ọ̀nù kan ní Kraków, ní Poland, léèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà nípa ìrora ọjọ́ náà, ìrora tí wọ́n rántí kéré sí èyí tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ bí wọ́n ṣe parí eré. Ó dájú pé èyí wà lára ohun tó ń mú kí ẹni tó búra níbi òpin eré pé òun kò tún ní sáré mọ́ tún san owó ìforúkọsílẹ̀ ọdún tó ń bọ̀. Ìgbàgbé kan náà lè mú kí ó gbójú fo ojúgun tó ti ń ro ó díẹ̀díẹ̀ láti oṣù méjì, nítorí náà ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́ṣe tó mọ iṣẹ́ ṣe máa ń ní kí asáré kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́: ibi tó dùn ún, kìlómítà tó ti bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó jí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.