Ẹnu ni ìwé kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀: bí ọmọ kékeré ṣe ń kọ́ èdè, àti ipa tí òbí ń kó níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ di pẹ́ńsù mú ni ẹ̀kọ́ ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó dé iwájú ọmọ, etí àti ẹnu rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí yóò sọ ọ́ di òǹkàwé. Ìdí nìyí tí ìrànlọ́wọ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ kò fi gba owó: kí òbí máa bá ọmọ sọ̀rọ̀, kó sì máa dúró gbọ́ èsì.

Inú oyún ni etí ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ọmọ inú ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ketekete; bí ohùn ṣe ń lọ sókè tó ń wá sílẹ̀ ló ń gbọ́ jù. Lọ́dún 1980, Anthony DeCasper àti William Fifer tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta láyé. Wọ́n fi ọmú rọ́bà sí ọmọ lẹ́nu, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sí i létí. Bí ọmọ bá ṣe ń fa ọmú náà ló ń pinnu bóyá ohùn ìyá rẹ̀ ni yóò gbọ́ tàbí ti obìnrin mìíràn. Àwọn ọmọ jòjòló wọ̀nyí yí bí wọ́n ṣe ń fà á padà kí ohùn ìyá wọn lè máa dún.

Ọmọ tuntun kò tíì mọ èdè tí wọn yóò máa sọ sí i, nítorí náà etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èdè. Àmọ́ kì í pẹ́ kí ó tó yan tirẹ̀. Janet Werker àti Richard Tees fi hàn lọ́dún 1984 pé àwọn ọmọ Kánádà tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé lè ya ìró èdè Híńdì méjì tó jọra gan-an sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n wà ní oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n fi máa di ọmọ oṣù mẹ́wàá sí méjìlá, ọ̀pọ̀ wọn kò lè ṣe é mọ́. Etí wọn kò bàjẹ́ o. Ọpọlọ wọn ló ti mọ ìró tí èdè ilé ń lò, tó sì pa ìyókù tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀: ọmọ tí ohùn ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà nínú èdè ilé rẹ̀ ń dì í mú ṣinṣin, nígbà tí ọmọ tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jọ̀wọ́ rẹ̀ kó tó pé ọdún kan.

Ìṣòro mìíràn wà tí àgbàlagbà kì í rántí mọ́. Nínú ìwé, àlàfo wà láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Lẹ́nu, kò sí. Ṣe ni ọ̀rọ̀ ń ya jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Báwo wá ni ọmọ ṣe ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí? Ó ń ṣọ́ bí sílébù ṣe ń tẹ̀lé sílébù. Lọ́dún 1996, Jenny Saffran, Richard Aslin àti Elissa Newport to àwọn ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá bíi "bidaku" àti "golabu" tẹ̀lé ara wọn láìsí ìdánudúró, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ oṣù mẹ́jọ gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú méjì péré. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ náà fi hàn pé àwọn mọ sílébù tó máa ń rìn pọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kàn ṣèèṣì pàdé ara wọn. Ìṣẹ́jú méjì! Ẹni tó bá ń sọ pé ọmọ tí kò tíì lè fọhùn kò mọ ohun tí à ń sọ, kó tún un rò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ṣáà ti dún ni ọmọ ń kọ́. Ìwádìí tó là mí lójú jù lórí èyí ni ti Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2003. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà oṣù mẹ́sàn-án gbọ́ Mandarin, èdè àwọn ará Ṣáínà, ní ìgbà méjìlá. Àwọn kan jókòó ti ènìyàn gidi tó ń kàwé fún wọn, tó sì ń bá wọn ṣeré. Àwọn kan wò ó nínú fídíò, àwọn kan sì gbọ́ ohùn nìkan. Àwọn tó rí ènìyàn gidi kọ́ bí a ṣe ń ya ìró Mandarin sọ́tọ̀. Àwọn tó wo fídíò àti àwọn tó gbọ́ ohùn nìkan kò kọ́ ọ rárá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn gbọ́.

Kí ni fídíò kò ní? Kì í dáhùn. Nígbà tí Sarah Roseberry, Kathy Hirsh-Pasek àti Roberta Golinkoff dán ìpè fídíò wò, èyí tí ẹni tó wà lójú ẹ̀rọ ti ń rí ọmọ, tó sì ń fèsì sí ohun tó ṣe, àwọn ọmọ ọdún méjì kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun nínú rẹ̀. Nínú fídíò tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kò kọ́ ọ. Èsì wọn jáde lọ́dún 2014. Nítorí náà, fóònù fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá. Ìyá àgbà tó wà lọ́nà jíjìn, tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lójú fóònù, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Eré àwòrán tó ń dá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kò lè ṣe irú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2019, kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan jókòó ti ojú ẹ̀rọ rárá. Fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin, wákàtí kan lóòjọ́ ni òpin rẹ̀, ó sì sàn kó dín sí i.

Ohun tí ń mú èsì ṣiṣẹ́ ni àkókò tó bọ́ sí. Ọmọ tẹjú mọ́ nǹkan, ó nàka sí i, tàbí ó wí pé "ba-ba". Ọkàn rẹ̀ wà lórí nǹkan yẹn nísinsìnyí. Bí àgbà bá dárúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, orúkọ àti nǹkan yóò pàdé nínú ọpọlọ ọmọ. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ló ní kí ọmọ fi èyí tó ń wò sílẹ̀ kó wá wo òmíràn, àǹfààní yẹn ti kọjá. Michael Goldstein àti Jennifer Schwade fi èyí hàn lọ́dún 2008 pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án díẹ̀. Nígbà tí ìyá fèsì gẹ́lẹ́ bí ọmọ ṣe fọhùn, ìró ẹnu ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ọ̀rọ̀ gidi sí i. Nígbà tí ìyá sọ̀rọ̀ ní iye ìgbà kan náà, ṣùgbọ́n tí kò bá ìgbà tí ọmọ fọhùn mu, kò sí ìyàtọ̀.

Dídúró ni ó sì ṣòro jù fún àgbà. Òbí á béèrè pé "Kí nìyí?", kí ọmọ tó la ẹnu, òbí á ti dáhùn. Ọpọlọ ọmọ ọdún méjì nílò àyè díẹ̀ láti wá ọ̀rọ̀, láti to ó, láti gbé e dé ètè. Kí òbí pa ẹnu mọ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kó máa wo ojú ọmọ bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ pàtàkì. Bí èsì bá dé, bó ti wù kó kéré tó, kó fi díẹ̀ kún un. Ọmọ ní "Omi." Òbí ní "Omi ti dà sílẹ̀." Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, kò sí ìdí láti ní kó tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta, kí òbí ṣáà pè é bó ti yẹ nínú èsì tirẹ̀. Ọmọ yóò gbọ́ ìyàtọ̀, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kò sì ní já.

Ariyanjiyan ńlá kan wà lórí iye ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1995, Betty Hart àti Todd Risley, tí wọ́n tẹ̀lé ìdílé 42 ní Amẹ́ríkà, ṣírò pé kí ọmọ tálákà tó pé ọdún mẹ́rin, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lè fi mílíọ̀nù 30 dín sí ti ọmọ àwọn olówó. Iye yìí tàn káàkiri ayé, àwọn olùwádìí mìíràn sì ti takò ó gidigidi: ìdílé náà kéré níye, wọn kò sì ka ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ilé yòókù ń sọ yí ọmọ ká. Èyí tó wúlò fún òbí ju ìṣirò yẹn lọ ni ti Rachel Romeo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2018. Wọ́n wo ọpọlọ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n sì rí i pé iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ lọ tó sì bọ̀ láàárín ọmọ àti àgbà ló bá iṣẹ́ ibùdó èdè nínú ọpọlọ rìn, kì í ṣe iye ọ̀rọ̀ tí àgbà dá sọ. Kò sí ìdí fún òbí láti máa rojọ́ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀.

Bí ilé bá jẹ́ elédè méjì, kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni. Èdè méjì kì í fa àìlèsọ̀rọ̀. Ọmọ lè mọ orúkọ nǹkan kan ní èdè kìíní, kó mọ ti òmíràn ní èkejì. Ẹ kó méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Èdè tó yọ̀ mọ́ òbí lẹ́nu jù ni kó fi bá ọmọ sọ̀rọ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kún jù.

Níbo wá ni ìwé ti wọlé? Ó ti wọlé láti ìgbà tí ọmọ bá ti lè jókòó lẹ́sẹ̀ òbí. Ọmọ oṣù mẹ́fà yóò ti ìwé bọ ẹnu. Ìwé tí ojú ewé rẹ̀ jẹ́ páálí líle ni kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Àǹfààní ìwé àwòrán ni pé ó máa ń ní ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í dédé sọ nígbà tó bá ń wẹ ọmọ tàbí tó ń wọ aṣọ fún un. Ṣùgbọ́n kíkà á láti ewé àkọ́kọ́ dé ìparí kí ọmọ sì dákẹ́ kọ́ ni ọ̀nà tó dára jù. Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn òbí kan, nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 1988, láti máa béèrè ìbéèrè nípa àwòrán, kí wọ́n máa fi kún èsì ọmọ, kí ọmọ fúnra rẹ̀ sì máa di ẹni tó ń sọ ìtàn náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ta yọ ti àwọn tí òbí wọn kàn ń kàwé fún bó ṣe mọ́ wọn lára.

Òbí tí kò mọ̀wé kà lè ṣe èyí láìkù síbì kan, nítorí àwòrán ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá sì ní ìwé àná ni òun tún fẹ́, ẹ kà á fún un. Jessica Horst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lọ́dún 2011 pé àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta tó gbọ́ ìtàn kan náà léraléra di ọ̀rọ̀ tuntun inú rẹ̀ mú ju àwọn tó ń gbọ́ ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ iye ìgbà kan náà ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ yọ fún ìkíní-kejì. Òbí ló ń sú. Kì í sú ọmọ.

Ohun kan tí ìwé kíkà fún ọmọ kì í dá ṣe ni kó mú ojú rẹ̀ lọ sórí lẹ́tà. Mary Ann Evans àti Jean Saint-Aubin lo ẹ̀rọ tó ń tọpa ojú lọ́dún 2005, wọ́n sì rí i pé àwòrán ni ọmọ ń wò ní gbogbo ìgbà tí òbí ń kàwé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wo lẹ́tà rárá. Kí òbí máa fi ìka tẹ̀lé ìlà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó fi han ọmọ ibi tí kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, kó fi lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ hàn án. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo wí, kí ìtàn má bàa di ìdánwò.

Kí lẹ́tà tó lè wúlò, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ṣeé tú palẹ̀. Sílébù ló máa ń kọ́kọ́ ṣí sí i létí: "bàtà", àtẹ́wọ́ méjì, bà-tà. Ìró kọ̀ọ̀kan inú sílébù le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Isabelle Liberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lọ́dún 1974: nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin lè fi kíkan tábìlì ka sílébù, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè ka ìró. Eré ni kí wọ́n fi kọ́ ọ, kí wọ́n máa wá ọ̀rọ̀ tó fi ìró kan náà bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa kọrin tí ìparí ìlà rẹ̀ bára dọ́gba.

Nípa kíka a, b, d lórí, ó dùn gbọ́, àlejò á sì pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọmọ lè kọ ọ́ lórin láìmọ̀ pé ìró ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Philip Gough àti William Tunmer fi ìṣirò kan ṣàlàyé òye ìwé lọ́dún 1986: ẹ mú agbára láti pe ohun tí a kọ, kí ẹ fi òye èdè sọ ọ́ di púpọ̀. Wọn kò ní kí a ro méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, èsì náà á jẹ́ òdo. Ọmọ tó lè pe gbogbo lẹ́tà, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀, yóò ka ojú ewé kan tán láìmọ ohun tó kà.

Ìkọ̀wé ń bá gbogbo èyí rìn. Ìlà wúruwùru ló máa ń ṣáájú, lẹ́tà orúkọ ara rẹ̀ á tẹ̀lé e. Bí ó bá kọ b bí d, tàbí tó kọ orúkọ rẹ̀ láti apá ọ̀tún wá sí òsì, kò tíì di àìsàn ní ọdún márùn-ún. Stanislas Dehaene, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ṣàlàyé rẹ̀ pé ojú ènìyàn ti mọ́ gbígbà pé nǹkan kan náà ni, ìbáà kọjú sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Lẹ́tà ni kò gba irú ìyẹn, ó sì gba àkókò kí ọpọlọ tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ orí tí ọmọ ń fọhùn kì í dọ́gba, síbẹ̀ àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí a fi ìdúró yanjú. Bí ọmọ kò bá máa wí "ba-ba" tàbí kó máa nàka sí nǹkan nígbà tó pé ọdún kan, bí kò bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní oṣù mẹ́rìndínlógún, bí kò bá tíì máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ ní ọdún méjì, tàbí bí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ bá ń sọ nù, ní ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àyẹ̀wò etí ló yẹ kó ṣáájú. Omi tó dúró sẹ́yìn ìlù etí lẹ́yìn ọ̀fìnkìn lè dín ìgbọ́ràn kù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìsí ìrora kankan, ọmọ náà kò sì lè sọ pé òun kò gbọ́ dáadáa, nítorí kò mọ bó ṣe yẹ kí ó máa dún.