Jíjáwọ́ nínú sìgá mímu: àwọn àǹfààní tó tètè ń yọjú àti ìforítì

Jíjáwọ́ nínú sìgá mímu ni kí ẹni tí sìgá ti di bárakú fún pa á tì pátápátá, yálà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tàbí díẹ̀díẹ̀. Èrè rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí láàárín ìṣẹ́jú 20 tí ènìyàn bá pa sìgá tó mu kẹ́yìn ni ọkàn rẹ̀ tó ń sáré yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lù, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa wálẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó ni pé àkókò tí ara ń tún ara rẹ̀ ṣe yìí gan-an ni ara kì í rọ ẹni náà lọ́rùn, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń padà sídìí sìgá kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ti jèrè.

Nínú èéfín sìgá ni gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mònósáìdì. Gáàsì yìí a máa lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbé ọ́síjìn káàkiri ara, agbára tó sì fi ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Nítorí náà, ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ amusìgá ń gbé kì í tó, ọkàn rẹ̀ sì ní láti ṣe àṣekún iṣẹ́. Bí ẹni náà bá ti ń mí afẹ́fẹ́ tó mọ́, gáàsì náà yóò dínkù sí nǹkan bí ìdajì láàárín wákàtí mélòó kan, nígbà tí yóò bá sì fi di wákàtí 12, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yóò ti padà sí bó ṣe yẹ. Nikotíìnì alára, ìyẹn èròjà inú sìgá tó ń di bárakú fún ènìyàn, kì í pẹ́ púpọ̀ nínú ara: láàárín ọjọ́ 2 sí 3, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò ti kúrò nínú ara.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 12, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣàn dáadáa sí i, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró yóò sì sunwọ̀n, débi pé ẹni tó máa ń mí hẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn yóò rí ìyàtọ̀. Àwọn irun tíntìntín inú ọ̀nà èémí, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gbá kelebe àti ìdọ̀tí jáde, a tún máa jí padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí lè mú kí ikọ́ pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé sìgá ló ń dá ikọ́ náà dúró fún òun tẹ́lẹ̀. Láàárín oṣù 1 sí 9, ikọ́ àti àìlèmídélẹ̀ yóò dínkù. Bó bá pé ọdún 1, ewu àrùn tó ń dí àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí ọkàn yóò ti sún mọ́ ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu sìgá.

Ìnira tó ń bá jíjáwọ́ rìn wá láti inú ọpọlọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 tí ènìyàn bá fa èéfín sínú ni nikotíìnì ti dé ọpọlọ, ọpọlọ sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí kò bá rí i, ìkanra, àìbalẹ̀ ọkàn, àìróorunsùn, àìlèpọkànpọ̀ àti ebi yóò dé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló tọ́ kí a kà sí ẹ̀bi jíjáwọ́, torí pé èéfín sìgá a máa mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ èròjà kaféènì tó wà nínú kọfí. Nígbà tí èéfín bá dáwọ́ dúró, iye ife kọfí tí ènìyàn ń mu tẹ́lẹ̀ lè wá pọ̀ jù fún un, kí ó máa gbọ̀n, kí oorun sì dá lójú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ amusìgá gbà pé sìgá ló ń fi àwọn lọ́kàn balẹ̀. Lóòótọ́ ni ara máa ń rọ̀ wọ́n bí wọ́n bá mu ún, ṣùgbọ́n ìnira tí àìsí nikotíìnì dá sílẹ̀ ni sìgá náà ń pẹ̀tù sí. Àwọn ìwádìí tó fi àwọn tó jáwọ́ wé àwọn tí kò jáwọ́ fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń dínkù lára àwọn tó jáwọ́.

Ní ti ìforítì, ìfẹ́ ọkàn láti mu sìgá kì í sábà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì wá nǹkan mìíràn ṣe títí yóò fi kọjá ti ja àjàṣẹ́gun nígbà náà. Àmọ́ agbára ọkàn nìkan kò tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tijú nítorí rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ oníṣègùn àti oògùn lè sọ ìrètí àṣeyọrí di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára àwọn oògùn náà ni ṣingọ́ọ̀mù oní-nikotíìnì, oògùn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, àti àwọn oògùn bíi varenicline, bupropion àti cytisine.

Sísanra máa ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù, ó sì ń ṣẹlẹ̀: ìwọ̀n ara máa ń fi bíi kílò 4 sí 5 lé sí i láàárín ọdún àkọ́kọ́, èyí kò sì tó ohunkóhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewu sìgá. Ẹni tó bá ṣèèṣì mu ẹyọ kan kò tíì padà sídìí rẹ̀. Jíjáwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ pé orí ẹyọ kan yẹn ló dá a dúró sí. Púpọ̀ nínú àwọn tó jáwọ́ pátápátá ló ti gbìyànjú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ̀rù àrùn jẹjẹrẹ tí ó ṣì jìnnà kì í sábà dá ọwọ́ ènìyàn dúró lásìkò tí sìgá bá ń pè é. Ohun tó bá lè rí lónìí ló ń ràn án lọ́wọ́ jù, ìyẹn ló fà á tí àwọn ilé ìwòsàn kan fi ń lo ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn kábọ́ọ̀nù mònósáìdì nínú èémí. Ẹni tó fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ náà lánàá nígbà tó ṣì ń mu sìgá, tó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí lẹ́yìn tó ti dáwọ́ dúró, yóò rí i fúnra rẹ̀ pé iye tó wà lójú ẹ̀rọ náà ti wálẹ̀, bí ara tilẹ̀ ṣì ń ni ín.