Orúkọ Inú Ìwé Àtìmọ́lé Kì Í Ṣe Ìdájọ́

Bí àwòrán ọmọ Yorùbá kan bá jáde láti ọgbà àtìmọ́lé ní Amẹ́ríkà, kì í pẹ́ kó tó dé orí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ti ìjọ. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Ìjọba fúnra wọn ló gbé e jáde, kí ló tún kù?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti sọ ẹni náà di oníjìbìtì, ẹnì kan á sì ti tẹ ìyá rẹ̀ láago ní Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé orúkọ tó bá ti wọ ìwé àtìmọ́lé, ìyẹn ìwé tí ọgbà àtìmọ́lé ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá mú sí, tí gbogbo ayé sì lè kà, ẹjọ́ onítọ̀hún ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ náà sílẹ̀, adájọ́ tó máa gbọ́ ẹjọ́ lè má tíì mọ̀ pé ẹni náà wà láyé.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpínlẹ̀ Georgia, torí àwọn èèyàn wa pọ̀ ní agbègbè Atlanta. Káńtì, ìyẹn àwọn agbègbè ìjọba tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí, 159 ló wà níbẹ̀, Texas nìkan ló ní jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ìgbèríko: oko ẹ̀pà, oko òwú, igbó igi páìnì, àti ìlú kékeré kan tí ilé ẹjọ́ wà láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà I-20 láti Atlanta lọ sí Augusta máa gba inú káńtì Taliaferro kọjá, níbi tí ènìyàn inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,500 lọ nígbà ìkànìyàn ọdún 2020. Káńtì kọ̀ọ̀kan ló ní ṣẹ́ríìfù tirẹ̀, olórí agbófinró káńtì, tí àwọn ará ibẹ̀ dìbò yàn. Bí wọ́n bá dá ọ dúró lójú ọ̀nà níbẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ rẹ, o lè sun àtìmọ́lé lálẹ́ ọjọ́ náà ní ìlú tí o ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Kí ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ nípa rẹ? Orúkọ, ọjọ́ orí, ọjọ́ tí wọ́n mú ọ, ẹ̀sùn, àti iye béèlì bí wọ́n bá ti dá a. Wọ́n á gba ìtẹ̀ka rẹ, wọ́n á ya àwòrán rẹ. Ohun tí ọlọ́pàá tó mú ọ rò pé o ṣe ni wọ́n kọ sí ibi ẹ̀sùn yẹn. Òfin Georgia ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú láìsí wáráǹtì dé iwájú adájọ́ láàárín wákàtí 48, ẹni tí wọ́n fi wáráǹtì mú láàárín wákàtí 72. Adájọ́ ọjọ́ náà kò gbọ́ ẹlẹ́rìí lórí bóyá o jẹ̀bi. Ẹ̀sùn ló máa kà sí ọ létí, á sì wo ọ̀rọ̀ béèlì. Lẹ́yìn ìyẹn ni agbẹjọ́rò ìjọba máa wò ó bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ àbí kò sí. Ó lè dín ẹ̀sùn kù, ó lè yí i padà, ó lè da gbogbo rẹ̀ nù.

Àwọn tó wà nínú ọgbà àtìmọ́lé káńtì kò sì jọra. Àwọn kan ń ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀, àwọn kan ń dúró kí wọ́n gbé wọn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀, àwọn mìíràn káńtì míì ló ní kí wọ́n bá òun mú wọn dání. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni àwọn tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Nígbà tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ka àwọn tó wà ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà láàárín ọdún 2022, nǹkan bí 70 nínú 100 ló wà ní ipò yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá fi ojú ọ̀daràn wo gbogbo orúkọ inú ìwé náà, ẹ máa ṣi ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn dá lẹ́jọ́. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo sì ni ìwé àtìmọ́lé, ẹnu ẹni tó mú ènìyàn.

Kí ló dé tí wọ́n wá ń jẹ́ kí aráàlú kà á? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa. Òfin ìwé ìjọba ti Georgia ní kí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa ìmúni wà ní gbangba, kí ilé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ sì fèsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Lára ìdí rẹ̀ ni kí ṣẹ́ríìfù má lè ti ẹnikẹ́ni mọ́lé ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹbí lè mọ ibi tí ọmọ wọn wà. Àwọn aláṣẹ bíi ṣẹ́ríìfù ni wọ́n ṣe òfin náà kí aráàlú lè máa ṣọ́. Ó máa ń dùn mí tí a bá gba ohun tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ènìyàn, tí a sì sọ ọ́ di ohun tí a fi ń ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Mo mọ ibi tí àṣà náà ti wá. Nílé, ó pẹ́ tí ọlọ́pàá ti ń to àwọn afurasí síwájú àwọn oníròyìn kí wọ́n tó dé kóòtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí tí ẹ̀rí fi máa hàn. Ìpínlẹ̀ Èkó tún òfin rẹ̀ ṣe lọ́dún 2021 láti fi òpin sí i.

Ẹ̀wẹ̀, "ìjọba ló gbé àwòrán jáde" gan-an lè má jẹ́ òótọ́. Láti ọdún 2014 ni òfin Georgia ti ka èèwọ̀ fún ilé iṣẹ́ tó mú ènìyàn láti gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sórí ìkànnì, àyàfi fún àwọn ìdí díẹ̀ kan. Àwọn oníṣòwò aládàáni ló sábà máa ń kó àwọn orúkọ àti àwòrán wọ̀nyí jọ, wọ́n á sì fi pa owó. Bí ilé ẹjọ́ bá da ẹjọ́ nù lọ́la, kò sí ohun tó mú wọn láti padà wá kọ ọ́ síbẹ̀. Òfin Georgia ti ọdún 2013 ní kí wọ́n yọ àwòrán náà láàárín ọjọ́ 30, lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹni tí wọ́n da ẹjọ́ rẹ̀ nù bá kọ̀wé sí wọn. Ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó kọ ìwé yẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́ kò yẹ kó fi irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ṣe ìwádìí. Bó bá fẹ́ gba ìròyìn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí nípa ènìyàn, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kó kọ́kọ́ gba àṣẹ onítọ̀hún ní kíkọ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń wá ènìyàn yín ní káńtì ìgbèríko, ẹ má gbà pé kò sí níbẹ̀ torí pé ẹ ò rí orúkọ rẹ̀ lórí fóònù. Ọgbà míì kò ní ìwé orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Káńtì tí kò ní ọgbà tirẹ̀ máa ń gbé èèyàn lọ sí ti aládùúgbò rẹ̀, orúkọ ẹni tí wọ́n ti dá sílẹ̀ sì lè ti kúrò níbẹ̀. Orúkọ wa náà tún jẹ́ ìṣòro. Akọ̀wé tí kò rí Olúwaṣeun rí lè kọ ọ́ pín sí méjì, ó lè fi orúkọ bàbá ṣíwájú, ó lè gé ti ẹni tó ní orúkọ ìdílé méjì kù sí ọ̀kan. Ẹ fi lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ wá a, ẹ yí orúkọ padà, kí ẹ sì pe ọ́fíìsì ṣẹ́ríìfù pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ibi tí ẹjọ́ parí sí kò sí lọ́wọ́ ṣẹ́ríìfù. Ọ́fíìsì akọ̀wé Superior Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ńlá, ní olú ìlú káńtì ni ìwé ẹ̀sùn ńlá wà. Ẹ̀sùn ọkọ̀ àti ojú ọ̀nà sábà máa ń wà ní Probate Court, ilé ẹjọ́ tó tún ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogún, ní àwọn káńtì kékeré tí kò ní State Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn kéékèèké. Àwọn èèyàn kì í dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti lè rí i bóyá wọ́n dá ènìyàn lẹ́bi tàbí wọ́n dá a láre.

Fún ẹni tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìwé ilé ẹjọ́ yẹn ju wúrà lọ. Fọ́ọ̀mù N-400 tí a fi ń béèrè fún ìwé ọmọ onílùú ń béèrè gbogbo ìgbà tí wọ́n ti mú ọ rí, títí kan èyí tí wọ́n da ẹjọ́ rẹ̀ nù. Georgia lè fi ìmúni tí kò yọrí sí ìdálẹ́bi pamọ́ kúrò lójú àwọn agbanisíṣẹ́ lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2013, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pa á rẹ́ lójú àwọn tó ń mójú tó ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá dáhùn pé "rárá" torí pé wọ́n ní ẹjọ́ rẹ̀ ti tán lè fi irọ́ yẹn pàdánù ohun tí ẹ̀sùn náà fúnra rẹ̀ kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù náà, ẹ pe akọ̀wé ilé ẹjọ́ káńtì tí wọ́n ti mú yín, ẹ béèrè certified disposition, ìwé tó ní èdìdì ilé ẹjọ́ tó sọ bí ẹjọ́ ṣe parí, ẹ san owó ìwé, kí ẹ sì gbé e lọ fún lọ́yà tó mọ òfin ìgbélùú.