Ṣé òótọ́ ni pé ṣọ́ọ̀ṣì Yamoussoukro tóbi ju ti Póòpù ní Róòmù lọ? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Fọ́tò kan wà tó máa ń káàkiri, dóòmù ràgàjì kan, ìyẹn òrùlé rìbìtì bí igbá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, tó yọ sókè láàárín igi àti koríko, wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù láyé wà. Àwọn kan á ní irọ́ ni, àwọn kan á búra pé òótọ́ ni, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ilé yẹn gan-an, ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ ẹ̀ palẹ̀.

Ilé wo gan-an la ń sọ, ta ló sì kọ́ ọ?

Bàsílíkà Notre-Dame de la Paix ni, ní Yamoussoukro ní Côte d'Ivoire. Bàsílíkà ni wọ́n ń pe ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tí Póòpù fún ní ipò pàtàkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Àbíjáàn, pàápàá ẹ̀yin ará Èjìgbò, ẹ ti lè gbọ́ nípa ẹ̀. Félix Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè yẹn, ló ní kí wọ́n kọ́ ọ sílùú tí wọ́n ti bí òun, ìlú yìí kan náà ló sọ di olú-ìlú ní 1983. Pierre Fakhoury ló yàwòrán ilé náà. Wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 1985, wọ́n parí ẹ̀ ní 1989, nígbà tó di September 10, 1990, Póòpù John Paul Kejì wá yà á sí mímọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe yá tó, nígbà tó jẹ́ pé ti Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, 1506 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, 1626 ni wọ́n tó yà á sí mímọ́!

Ó dáa, èwo ló wá tóbi jù?

Ohun tẹ́ ẹ bá fi wọ̀n ọ́n ni. Tó bá jẹ́ gíga, Yamoussoukro ló borí, mítà 158 ni látilẹ̀ dé ṣóńṣó orí àgbélébùú, ti Róòmù ò ju bíi 136 lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: dóòmù Yamoussoukro fúnra ẹ̀ ò ga tó ti Róòmù, ó fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí i, àgbélébùú ńlá tí wọ́n gbé lé e lórí ló jẹ́ kó kọjá ẹ̀. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ilé gbà, ìwé Guinness kọ mítà 30,000 níbùú lóròó sílẹ̀ fún un, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù, ṣùgbọ́n wọ́n ka ilé àwọn fàdá àti ilé àlejò mọ́ ọn, àwọn yẹn kì í sì ṣe ṣọ́ọ̀ṣì.

Tó bá wá jẹ́ iye èèyàn tó lè wọlé gbọ́ Máàsì, ká má parọ́, Róòmù ló ni ín. Yamoussoukro gba nǹkan bíi 18,000, 7,000 á jókòó, àwọn 11,000 yòókù á dúró, iye tí wọ́n sì máa ń sọ fún Róòmù jẹ́ 60,000. Ilé rìbìtì ni ti Yamoussoukro, òfuurufú abẹ́ dóòmù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ti Róòmù ní tiẹ̀ gùn lọ gbọọrọ bí ọ̀nà ọjà.

Ṣé wọ́n kàn ṣe àdàkọ ti Róòmù ni?

Látìta, ó jọ ọ́, dóòmù kan náà, ọ̀wọ́ òpó tó nà jáde tó yí gbàgede ká bí èyí tí Bernini, ayàwòrán-ilé ará Ítálì, ṣe síwájú ti Pétérù Mímọ́. Tẹ́ ẹ bá wọlé lẹ máa rí i pé ọ̀tọ̀ ni. Gíláàsì aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé lé ní mítà 7,000 níbùú lóròó, oòrùn á máa gba inú ẹ̀ wọlé, búlúù, pupa, yẹ́lò, gbogbo rẹ̀ á tàn sórí mábù, àti pé lójú tèmi gíláàsì yìí ló yẹ kí gbogbo ayé máa torí ẹ̀ wá síbẹ̀, kì í ṣe gíga ilé. Houphouët-Boigny alára wà nínú ọ̀kan nínú àwọn gíláàsì yẹn, ó kúnlẹ̀ nítòsí Jésù. Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe àwọn ìjókòó.

Àwọn òpó yẹn náà tún yani lẹ́nu. Àwọn kéékèèké ló ń gbé ilé dúró, àwọn ràbàtà tẹ́ ẹ rò pé àwọn ló ru ẹrù, ẹwà ni wọ́n wà fún, wọ́n sì fi lífítì àti páìpù tí omi òjò ń gbà wálẹ̀ pa mọ́ sínú wọn.

Ṣé kàtídírà ni, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ ibùjókòó bíṣọ́ọ̀bù?

Rárá o. Kàtídírà Augustine Mímọ́ wà lọ́tọ̀ nínú ìlú kan náà. Àwọn fàdá ẹgbẹ́ Pallottine, ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ Kátólíìkì, láti Pólàǹdì ló ń bójú tó bàsílíkà.

Owó ta ni wọ́n ná?

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dunni. Ààrẹ ní owó òun ni àti pé ọ̀rọ̀ náà wà láàárín òun àti Ọlọ́run. Iye tí wọ́n máa ń dárúkọ jù ni bíi 300 mílíọ̀nù dọ́là. Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni owó kòkó já wálẹ̀, ní 1987 ìjọba ní àwọn ò lè san gbèsè mọ́, nígbà tó fi máa di 1990 aráàlú ti wà lójú títì. Mi ò lè bá ẹni tó bínú nígbà yẹn jà, ẹwà ilé yìí ò sọ ìbínú yẹn dèké.

Póòpù náà ò kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní àfi kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sí tòsí kóun tó yà á sí mímọ́, ó sì fi òkúta ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ nígbà tó wá ní 1990. Iṣẹ́ dúró, ogun tún dé láàárín 2002 sí 2011, Houphouët-Boigny ti kú ní 1993, Póòpù kú ní 2005. Ọdún 2014 ni wọ́n tó parí ilé ìwòsàn náà, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Joseph Moscati, dókítà tí ìjọ Kátólíìkì kà sí ẹni mímọ́.