Iṣẹ́ póósì pátáìmù l'ábúlé: ta ló yẹ kí wọ́n gbà?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Àbújá àti gbogbo òkè Ọya. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lápá Kwali ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí. Wọ́n fẹ́ gba ẹnì kan tí á máa bá àwọn abúlé tó yí wọn ká gba lẹ́tà àti ẹrù láti ìgboro wá, tí á tún máa gba owó àjọ, tí á máa san owó tí àwọn ọmọ bá fi ránṣẹ́ sílé fáwọn òbí wọn, wákàtí mẹ́rin péré lóòjọ́, kì í ṣe iṣẹ́ àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀, torí iṣẹ́ tèmi nìyẹn, mo máa ń bá àwọn iléeṣẹ́ ṣètò bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù yẹn ni pé ṣé o ní B.Sc tàbí HND. Ìkejì, irú fóònù wo lò ń lò. Mo wò ó látòkè délẹ̀, mo yí i padà, kò síbi tí wọ́n ti béèrè pé níbo lò ń sùn.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ló sì yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè tó ti ń ṣe irú ètò yìí tipẹ́tipẹ́, tó sì kọ òfin ẹ̀ sílẹ̀ kúnnákúnná, India ni. Pósítọ́fíìsì wọn lé ní 150,000, tẹ́ẹ bá sì kó mẹ́wàá jọ nínú ẹ̀, bíi mẹ́sàn-án ló wà l'ábúlé. Kò sí bí ìjọba ṣe fẹ́ gbé òṣìṣẹ́ àárọ̀ dalẹ́ sí gbogbo ibẹ̀, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá ń gba ẹni tó ti ń gbé l'ábúlé yẹn tẹ́lẹ̀, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní oko, tàbí tó ń ṣe tíṣà, pé kó máa fi wákàtí díẹ̀ ṣe é lóòjọ́. Nígbà kan Extra Departmental Agent ni wọ́n ń pè wọ́n, àmọ́ láti ìgbà tí òfin tuntun ti jáde ní 2001, Gramin Dak Sevak ni wọ́n ń jẹ́, GDS la máa pè wọ́n níbí. Ẹni tó jẹ́ olórí láàárín wọn ni Branch Postmaster, òun ló ń darí pósítọ́fíìsì abúlé, àwọn tó kù ń ràn án lọ́wọ́, wọ́n ń pín lẹ́tà, wọ́n ń gbé àpò lẹ́tà lọ gbé e bọ̀. Kẹ́ẹ má rò pé lẹ́tà nìkan ni o. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ làwọn ará abúlé ń tọ́jú owó sí, òun ló ń san owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, láti September 2018 tí India Post Payments Bank, báńkì iléeṣẹ́ póósì wọn, sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káàkiri India, òun náà ló ń gbé ẹ̀rọ dé ojúlé arúgbó tí ò lè rìn kó lè rówó gbà. Owó onílé owó ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, tẹ́ẹ bá ti fi èyí sọ́kàn, gbogbo àwọn kọ́ńdíṣọ̀n tí wọ́n fi ń gbà wọ́n á yé yín.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù nínú ẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá máa gbà gbọ́dọ̀ ní nǹkan míì tó fi ń jẹun. Ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ owó iṣẹ́ póósì yìí nìkan lo fẹ́ máa fi bọ́ ìyàwó àti ọmọ, wọn ò gbọ́dọ̀ gbà ẹ́. Nígbà tí mo sọ èyí fáwọn ará Kwali, ọ̀kan nínú wọn ní ṣé ẹni tó ti lówó la tún fẹ́ máa fún níṣẹ́ ni, nígbà tí ẹni tí ò níṣẹ́ wà nílẹ̀. Mo mọ ibi tó ń lọ, ọ̀rọ̀ àánú ni. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Ẹni tó ń gba owó wákàtí mẹ́rin, tí ò ní nǹkan míì, tí àpò owó àjọ gbogbo abúlé wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, tí ọmọ ẹ̀ wá ń gbóná lóru, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Àwọn àgbà wa ti sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Kò dìgbà téèyàn bá jẹ́ olè kó tó yá owó lẹ́yìn olówó, á ní òun máa dá a padà lọ́jọ́ Friday, Friday á dé kò ní í sí. Ewu yẹn ni òfin yìí ń dènà, ó ń gba ará abúlé lọ́wọ́ òfò, ó sì ń gba òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara ẹ̀.

Síbẹ̀ mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi òfin yìí bojú san owó tí ò nítumọ̀ o. Nítorí pé ó ní oko ò ní kéèyàn máa fún un ní ẹ̀rúnrún. Àwọn òṣìṣẹ́ GDS pariwo lórí owó wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, ìgbà tí ìgbìmọ̀ Kamlesh Chandra jábọ̀ ní 2016 ni nǹkan tó sàn díẹ̀ wá jáde. Láti ọjọ́ kìíní oṣù July 2018, Branch Postmaster tó ń ṣe wákàtí mẹ́rin ń bẹ̀rẹ̀ lórí rupee 12,000 lóṣù, tó bá jẹ́ wákàtí márùn-ún ó di 14,500, àwọn olùrànlọ́wọ́ ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí 10,000 fún wákàtí mẹ́rin àti 12,000 fún márùn-ún. Wọn ò gbọ́dọ̀ ní kó ṣe ju wákàtí márùn-ún lọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ mú níbẹ̀ nìyẹn: tẹ́ẹ bá sọ pé ẹni yẹn gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ míì, ẹ gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un kó fi ṣe iṣẹ́ míì yẹn. Ẹ ò lè ní kó jókòó sí ọ́fíìsì láti aago mẹ́jọ sí mẹ́rin kẹ́ẹ wá máa pè é ní pátáìmù.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ibùgbé. Branch Postmaster gbọ́dọ̀ máa gbé ní abúlé tí pósítọ́fíìsì ẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ ibòmíì ló ń gbé nígbà tó kọ̀wé fún iṣẹ́, kò burú, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kó wá kó tó wọṣẹ́. Òun náà ló máa wá yàrá tí wọ́n máa lò bí ọ́fíìsì, níbi tí gbogbo èèyàn lè dé. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé láàárín àdúgbò tí wọ́n ti ń pín lẹ́tà. Ẹ wá gbé e wá sọ́dọ̀ wa níbí: ẹ gba ẹni tó ń gbé ní Lugbe pé kó máa ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rin ní Rubochi. Owó mọ́tò nìkan á jẹ owó oṣù ẹ̀ tán, ọjọ́ tójò bá rọ̀ kò ní í wá, ọjọ́ tí epo bá wọ́n kò ní í wá, àwọn arúgbó tó wá gbowó á jókòó sídìí igi títí oòrùn á fi wọ̀. Tí wàhálà owó bá sì wá ṣẹlẹ̀, ilé ta lẹ máa lọ?

Èdè náà wà níbẹ̀. Ní India, èdè ìpínlẹ̀ tàbí agbègbè tó o fẹ́ ti ṣiṣẹ́, o gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ nílé ìwé dé kíláàsì kẹwàá, ìyẹn ọdún kẹwàá nílé ìwé, ó kéré tán. Àwa ò lè béèrè bẹ́ẹ̀ ní Kwali torí àwọn iléèwé wa ò kọ́ Gbagyi, èdè tí wọ́n ń sọ lápá ibẹ̀, dé kíláàsì yẹn, àmọ́ a lè gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn. Ẹ jẹ́ kí ìyá kan ní abúlé yẹn jókòó síbi tẹ́ẹ ti ń dánwò, kó sọ̀rọ̀ owó fún ẹni tó wá fún iṣẹ́ ní Gbagyi, kẹ́ẹ wò ó bóyá ó gbọ́. Hausa nìkan ò tó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa rò pé Hausa ti parí ẹ̀ ní gbogbo òkè Ọya, kò rí bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà tí ò kúrò l'ábúlé ẹ̀ rí.

Lórí ọ̀rọ̀ ìwé, kíláàsì kẹwàá ni wọ́n ń béèrè, kó o sì ti yege nínú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó parí síbẹ̀. Tó o bá ní dìgírì mẹ́ta, wọn ò ní í fi máàkì kan kún tìẹ. Máàkì kíláàsì kẹwàá yẹn ni wọ́n fi ń to orúkọ, kọ̀ǹpútà ló ń tò ó, kò sí ìdánwò, kò sí intafíù. Mo fẹ́ràn apá kan nínú ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọmọ àbúrò ọ̀gá ni wọ́n mú. Apá kejì ò dùn mọ́ mi rárá. Tó bá ti jẹ́ máàkì nìkan ló ń gbéèyàn wọlé, àwọn oníjìbìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ máàkì, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Odisha nìyẹn tí àjọ CBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ India, fi ní láti wọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún nítorí sátífíkéètì ayédèrú. Máàkì ò sì lè sọ fún yín bóyá èèyàn máa ń ka owó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi lé ni lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan hàn yín. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Kwali, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí ẹ̀, àmọ́ Kwali ni wọ́n bí i sí, ó ń ta gàrí, ẹ̀wà àti àgbàdo, ó tún ní POS. Ó ní ìwé kan, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Gbogbo ẹni tó bá fowó sílẹ̀ ló kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, iye tó kù wà níbẹ̀, ẹni tí ò lè kọ̀wé tẹ ìka sí i pẹ̀lú íńkì aláwọ̀ búlúù. Ó ń sọ Gbagyi, Hausa, Yorùbá, gbogbo ẹ̀ já gaara. WAEC ló ní. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ yẹn ì bá ti jù ú sóde ní ìbéèrè àkọ́kọ́.

Àwọn kọ́ńdíṣọ̀n India tó kù ò le. Ọmọ ọdún 18 sí 40 ni wọ́n ń gbà, wọ́n fi ọdún márùn-ún kún un fáwọn Scheduled Castes àti Scheduled Tribes, ìyẹn àwọn ìran àti ẹ̀yà tí wọ́n ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú tipẹ́, ọdún mẹ́wàá fáwọn tó ní ìpèníjà ara, wọ́n sì lè ṣe é títí di ọdún 65. O gbọ́dọ̀ mọ kẹ̀kẹ́ ológeere gùn, tó o bá mọ ọ̀kadà gùn ó ti dúró fún un. O gbọ́dọ̀ mọ kọ̀ǹpútà lò díẹ̀. O gbọ́dọ̀ fi ohun ìdúró sílẹ̀ nítorí owó tó máa wà lọ́wọ́ ẹ, èyí sì ṣe pàtàkì gan-an fáwa níbí torí àwa máa ń gba onídùúró lórí ìwé lásán, ẹni tó buwọ́ lùwé ò tiẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ lọ bá onídùúró nílé, ẹ ka iye owó tó ń dúró fún sí i létí. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ ṣe aṣojú fún iléeṣẹ́ míì tó ń bá póósì díje.

Ọ̀pọ̀ ló ń bi mí pé tí wọ́n bá ti gba èèyàn sírú iṣẹ́ yìí, ṣé ó ti di òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ní India, òfin wọn sọ pé GDS kì í ṣe ara àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó kù, kò lè ní kí wọ́n ṣe òun bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n, àmọ́ tó bá ṣe ìdánwò tó yege ó lè gòkè di postman. Ṣùgbọ́n ní 1977, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní India dájọ́ nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Rajamma pé àwọn òṣìṣẹ́ yìí kì í ṣe alágbàṣe lásán, ipò tí òfin mọ̀ ni wọ́n wà, ẹnikẹ́ni ò lè lé wọn dànù láì jẹ́ kí wọ́n mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n kí wọ́n sì wí tẹnu wọn.

Ní tiwa, òfin owó oṣù tó kéré jù, 70,000 náírà tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 2024, kò bo òṣìṣẹ́ pátáìmù. Torí náà gbogbo ààbò tẹ́ni yẹn máa ní, inú ìwé tẹ́ẹ bá jọ kọ ló máa wà. Labour Act sọ pé kó tó pé oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ wọṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ má dúró dìgbà yẹn, ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: wákàtí mélòó, iye owó, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, ta ló máa yẹ ìwé owó wò àti ìgbà wo, tí wọ́n bá sì fi ẹ̀sùn kàn án, iwájú ta ló ti máa rojọ́.

Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń gba owó fọ́ọ̀mù o. Ní India, orí ìkànnì ìjọba ni wọ́n ti ń kún un, rupee 100 ni, obìnrin kì í san kọ́bọ̀, iléeṣẹ́ náà sì ti sọ pé àwọn kì í pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ẹni tó bá pè yín ní Nyanya tàbí Kubwa pé òun lè bá yín ra iṣẹ́ póósì, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn tí wọ́n bi mí ní Kwali ni ti káńsílọ̀ wọn. Ó fẹ́ iṣẹ́ náà, ọmọ dáadáa ni, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ní India, ẹni tí wọ́n dìbò yàn ò gbọ́dọ̀ ṣe é, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ipò yẹn sílẹ̀. Mo fara mọ́ ọn pátápátá, torí ní oṣù ìdìbò, ẹni tí ò dìbò fún un ò ní í lè fọkàn balẹ̀ lọ gbowó lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ fún un bẹ́ẹ̀, kó mú ọ̀kan. Wọ́n ti yọ ìbéèrè B.Sc kúrò nínú fọ́ọ̀mù, ìbéèrè àkọ́kọ́ ti di orúkọ abúlé àti iye ọdún téèyàn ti lò níbẹ̀, wọ́n sì ti sún ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á kẹ́yìn síwájú kí àwọn tí wọn ò jẹ́ kó kún un tẹ́lẹ̀ lè rí àyè.