Ẹ Má Da Ọmọ Àrọ̀ Oko Mi Sínú Odò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, obìnrin kan wá bá mi lóko tí mo ti ń sin ẹja. Abúlé kan létí Odò Ògùn ni wọ́n ti bí i, apẹja sì ni bàbá rẹ̀ títí tó fi kú. Ó ní àwọn àbúrò òun tó jogún ọkọ̀ àti àwọ̀n kì í rí ẹja pa mọ́ bíi ti àtijọ́. Ó ti wá tọ́jú owó, ó fẹ́ ra ọmọ àrọ̀ 10,000 kó lọ dà wọ́n sódò ní ìrántí bàbá rẹ̀. "Màmá, ẹ bá mi ṣa èyí tó lágbára," ló wí.

Mi ò tà á fún un. Ó dùn ún, ó sì dun èmi náà, torí inú rere ló gbé e wá. Ohun tí mo jókòó sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà, nítorí òun nìkan kọ́ ló ń gbèrò bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń mú àrọ̀ bímọ lóko nìyí. Mà á mú abo tí ikùn rẹ̀ ti kún, mà á gún un lábẹ́rẹ́ tí ń mú ẹyin gbó lálẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mà á fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹyin á máa tú sínú abọ́. Akọ kò ṣeé tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Pípa là ń pa á, ká yọ àpò àtọ̀ rẹ̀, ká gé e, ká fún un sórí ẹyin. Láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀, ẹyin ti pa. Abo tó tẹ̀wọ̀n kílò kan lè ní ẹyin tó lé ní 50,000. Nítorí pé pípa là ń pa akọ, tí akọ tó dára sì wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi àtọ̀ akọ kan ṣe ẹyin abo méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ bá mi rò ó wò: gbogbo 10,000 tí obìnrin yìí fẹ́ rà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyá kan, bàbá kan ló bí wọn.

Nínú odò, ọ̀tọ̀ ni. Bí òjò bá pọ̀ tí omi bo pápá etídò, àrọ̀ á jáde lọ yé ẹyin sára koríko, á sì fi í sílẹ̀ lọ. Àrọ̀ kì í tọ́mọ. Ẹyẹ, ejò, ẹja ńlá, omi tó fà sẹ́yìn lójijì, àwọn ló ń ṣa ọmọ náà, ìwọ̀nba tó kù ló mọ ibi tí à ń sá sí. Lóko, èmi ni mò ń ṣà wọ́n. Èyí tó bá yára gòkè wá jẹ oúnjẹ tó léfòó, tí òjìji èèyàn kò bà lẹ́rù, tó lè bá ẹgbẹ̀rún gbé nínú táǹkì tó há, òun ni mò ń fi sílẹ̀ ṣe ìyá ẹja. Èyí tó ń fura, tó ń sá pamọ́ sísàlẹ̀, kì í tètè sanra, nítorí náà mo máa ń tètè tà á. Ìwà tó ń gba ẹja là lódò gan-an ni mò ń yọ kúrò nínú ìran wọn bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè ní wọ́n á kọ́ ọgbọ́n odò tí wọ́n bá débẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Hood River, ní ìpínlẹ̀ Oregon lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló yí mi lérò padà. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní steelhead, tó ń lọ dàgbà nínú òkun kó tó padà wá yé ẹyin sódò. Wọ́n ń sin ín, wọ́n sì ń tú u sódò kó lè pọ̀. Hitoshi Araki àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lo DNA, ìyẹn àmì ìran tó wà nínú ara, àwọn ẹja tó ń padà bọ̀ láti mọ ẹni tó bí ẹni. Ní 2007 wọ́n gbé èsì jáde: ìran kọ̀ọ̀kan tí ẹja bá fi wà lọ́wọ́ èèyàn, agbára rẹ̀ láti bí ọmọ tó máa yè lódò ń fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 dín. Inú odò kan náà sì ni òun àti ẹja odò ti ń yé ẹyin o! Ní 2016, iṣẹ́ mìíràn lórí ẹja Hood River yìí fi hàn pé ìran kan ṣoṣo lọ́wọ́ èèyàn ti tó láti yí bí jíìnì 723, ìyẹn ẹyọ àbùdá tí ọmọ ń jogún, ṣe ń ṣiṣẹ́ padà nínú ọmọ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ mọ́ ọgbẹ́ jíjiná, dídènà àrùn, àti bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Ẹni tó bá ti rí bí ọmọ àrọ̀ ṣe ń bu ara wọn jẹ nínú táǹkì tó há kò ní béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ fi wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ háíbírìdì, ìyẹn ọmọ tí irú ẹja méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jọ bí, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àrọ̀ ní ìbátan kan tó ní lẹ́bẹ́ ọlọ́ràá lẹ́yìn lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ló ń fi àtọ̀ èyí ṣe ẹyin tọ̀hún kí ọmọ lè yára tóbi. Ní Thailand, àrọ̀ Áfíríkà tiwa yìí ni wọ́n kó dé ní àwọn ọdún 1980, tí wọ́n fi ń ṣe ẹyin àrọ̀ ìbílẹ̀ wọn. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ yẹ àrọ̀ inú odò àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà wò, wọ́n sì bá àbùdá àrọ̀ Áfíríkà nínú ara wọn. Kò sí àwọ̀n tó lè ṣa àbùdá kúrò nínú odò.

Mo ní ẹ̀bi tèmi níbẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ibi tó rẹlẹ̀ ni mo gbẹ́ kòtò mi sí, torí omi súnmọ́ ọn. Lọ́dún kejì, odò kún, ó bo etí kòtò mọ́jú, ẹja mi sì bá omi lọ. Owó tí mo pàdánù ni mo sunkún lé nígbà náà. Lónìí, ẹja wọ̀nyẹn gan-an ni mò ń rò.

Kì í ṣe pé ọ̀sìn ẹja burú. Nàìjíríà ló ń sin àrọ̀ jù lágbàáyé, kílò kọ̀ọ̀kan tí a bá sì sìn jẹ lè jẹ́ kílò kan tí a kò ní lọ kó nínú odò. Ó sì ní ìgbà tí ìsìn ń gba ìran là. Ní 1992, ẹja sockeye, tí òun náà ń lọ dàgbà nínú òkun, kan ṣoṣo, akọ, ló padà dé Adágún Redfish ní ìpínlẹ̀ Idaho, Amẹ́ríkà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ìyókù ìran náà láti 1991, wọ́n ń ṣírò ẹni tó máa gùn ẹni kí ìbátan má baà gun ìbátan. Láìsí iṣẹ́ yẹn, ìran náà ì bá ti run. Àwọn ẹja adágún yẹn fúnra wọn ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò ra ọmọ ẹja lọ́jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja, ẹ jìnnà sí ibi tí omi ń yà, ẹ mọ etí kòtò ga, ẹ fi àwọ̀n onírin tó ṣe méjì dí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà jáde. Ẹ má sin háíbírìdì létí odò rárá. Ẹja tí ẹ ò bá rí tà, ẹ yan án, ẹ jẹ ẹ́, ẹ fi tọrẹ.

Obìnrin yẹn bi mí pé kí ni kí òun wá fi owó náà ṣe. Mo ní kó ra àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀, kó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dẹ ìgẹ̀rẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn pápá tí omi ń bò, láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ títí omi á fi fà. Ibẹ̀ ló ti pè wọ́n lórí fóònù, ó ń bi wọ́n pé pápá wo ni àrọ̀ ti ń yé ẹyin jù.